Ọjọ́ tí a ń da kọnkéré la ń pinnu iye ọdún tí ilé máa lò

Tí káfíńtà bá fẹ́ tú pákó lára òpó ilé, mo máa ń fẹ́ wà nítòsí. Mo rántí òpó kan lójú ọ̀nà Ajah. Bí pákó ṣe ṣí báyìí, láti ìdí òpó dé ibi orúnkún ènìyàn, òkúta gránáìtì lásán ló tò síbẹ̀ láìsí ohun tó so wọ́n pọ̀, ihò lórí ihò bí afárá oyin. Mo ki ìka bọ inú ihò kan, ìka mi kan irin. Bàbá onílé dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, àbí sìmẹ́ǹtì yìí ò dáa ni?" Kí n tó yanu, bíríkìlà ti dá wọn lóhùn: "Daddy, ẹ má dààmú. Tá a bá ti rẹ́ ẹ, kò ní hàn mọ́."

Sìmẹ́ǹtì yẹn dára. Àpò rẹ̀ wà nílẹ̀, 42.5 ló wà lára rẹ̀, òǹkà tó ń sọ bí sìmẹ́ǹtì ṣe máa le tó, irú èyí tí SON, àjọ tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, ní ká máa lò fún òpó, bíìmù àti dẹ́kíìnì láti ọdún 2014, tí wọ́n sì fi 32.5 sílẹ̀ fún rírẹ́ ilé. Irin pé, mo ti kà á kí wọ́n tó bò ó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n gun òkè, wọ́n da kọnkéré láti orí òpó tó ga tó mítà mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó fi vibrator, ẹ̀rọ tó ń gbọn kọnkéré kó lè kì, kàn án. Òkúta tó wúwo ń ta lára irin bó ṣe ń já bọ́, ó ṣáájú dé ìsàlẹ̀. Omi sìmẹ́ǹtì àti yanrìn tó yẹ kó dì í mú lẹ̀ mọ́ irin àti pákó lókè.

Ìbéèrè bàbá yẹn wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Tí ilé bá sán, tí àjà bá ń já bọ́, ohun tá a máa ń gbọ́ ni pé ayédèrú sìmẹ́ǹtì ni, tàbí pé wọ́n jí irin. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ilé tó wó lójijì ló sì ń wọ ìròyìn, bí ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí, tó wó ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, tó sì pa ènìyàn tó lé ní 40. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Ilé tó yẹ kó lo 50 ọdún láìsí wàhálà ni, tó jẹ́ pé kó tó pé ọdún mẹ́wàá, irin ti ń yọjú lábẹ́ dẹ́kíìnì rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ba irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́, ọjọ́ tí wọ́n da kọnkéré rẹ̀, àti ọ̀sẹ̀ kan tó tẹ̀ lé e.

Kí ló ń ṣọ́ irin nínú kọnkéré?

Kọnkéré lágbára gan-an tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ń fà á, kíá ló máa já. Irin ló ń bá a gba ìfà yẹn. Dẹ́kíìnì tó dùbúlẹ̀ láàárín bíìmù méjì fẹ́ tẹ̀ kọdọrọ láàárín bí pákó tí ènìyàn jókòó lé. Abẹ́ rẹ̀ ló ń fà, irin abẹ́ ló sì ń dì í mú. Irin ní ọ̀tá tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn ìpẹtà. Fi í síta fún òjò oṣù kan, wàá rí i. Kí ló wá dé tí irin inú kọnkéré kì í fi í dípẹtà, nígbà tó jẹ́ pé omi la fi po kọnkéré náà?

Ọwọ́ lébírà ni ìdáhùn wà. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ lásán po sìmẹ́ǹtì mọ̀ pé ó máa ń bó ọwọ́. Sìmẹ́ǹtì tó bá pàdé omi máa ń ta bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bó ṣe ta tó, máa ń wà láàárín 12.5 sí 13. Nínú ohun tó ta tó báyẹn, irin máa ń fi awọ tín-ín-rín kan bo ara rẹ̀, awọ tí ojú ò lè rí, tí ìpẹtà ò sì lè kọjá. Níwọ̀n ìgbà tí awọ yẹn bá wà, irin á wà bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọ sáìtì.

Nǹkan méjì ló ń ba awọ náà jẹ́. Ọ̀kan ni carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí à ń mí sóde, tí mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ náà ń tú jáde. Ó ń gba ihò wẹ́wẹ́ ara kọnkéré wọlé, ó ń pa títa sìmẹ́ǹtì náà díẹ̀díẹ̀ láti òde lọ sínú, títí pH fi máa wálẹ̀ kọjá 9. Èkejì ni iyọ̀. Iyọ̀ kì í dúró dìgbà tí sìmẹ́ǹtì ò bá ta mọ́. Tó bá ti pọ̀ tó lára irin, ńṣe ló máa lu awọ náà lójú kan, irin á sì máa jẹ wọnú láti ibẹ̀. Ẹni tó kọ́lé sí Lẹ́kkí, Badagry tàbí Kútọnu, lójoojúmọ́ ni atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wá kí i.

Tí irin bá ti ń dípẹtà, ó máa ń wú. Àyè tí ìpẹtà ń gbà lè tó ìlọ́po méjì sí mẹ́fà àyè tí irin náà gbà tẹ́lẹ̀. Kọnkéré ò níbi tó máa sún sí, nítorí náà yóò sán ní ìlà gbọọrọ tó tẹ̀ lé irin, lẹ́yìn náà yóò máa já bọ́. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Iyọ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ni aláǹgbá tiwa níbí, wọn ò sì ní tán láyé. Ẹnu ògiri nìkan ló wà ní ìkáwọ́ wa.

Omi tó lé

Omi ni mo máa fi ṣáájú. Ní gbogbo sáìtì tí mo ti ṣiṣẹ́, kò sí ọjọ́ dídà kan tí ẹnì kan ò ní ké sí ẹni tó ń wo míkísà pé, "Ó ti le jù, fomi sí i!" Ẹni yẹn á sì yí bákẹ́ẹ̀tì dànù sínú rẹ̀.

Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Omi tí sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ nílò kí ó lè dì kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀ lọ, ìyẹn bíi lítà 12. A máa ń fi kún un kí kọnkéré lè ṣeé dà, kó lè wọ àárín irin. Lítà 25 sí àpò kan bójú mu fún òpó àti dẹ́kíìnì, omi tó ti wà nínú yanrìn tútù sì gbọ́dọ̀ wà nínú òǹkà yẹn. Lítà tó bá lé lórí èyí kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀. Yóò jókòó sínú kọnkéré, bó bá yá yóò gbẹ lọ, àyè tó fi sílẹ̀ á sì di ihò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun: láti ọdún 1918 ni Duff Abrams ti fi hàn ní Chicago pé ìwọ̀n omi sí sìmẹ́ǹtì ló ń pinnu bí kọnkéré ṣe máa le tó.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Dẹ́kíìnì tó gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10, tó sì nípọn ní mìlímítà 150, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kúbíìkì mítà 18. Tí ẹ bá po ó ní 1:2:4, ìyẹn sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn méjì sí òkúta mẹ́rin, yóò gba nǹkan bí àpò 115. Tí ẹni tó ń wo míkísà bá fi lítà 10 péré lé ti àpò kọ̀ọ̀kan, bákẹ́ẹ̀tì kékeré kan lójú tiẹ̀, omi tó lé ti di lítà 1,150. Ó ju táǹkì oní 1,000 lítà tó wà lórí ilé lọ. Púpọ̀ nínú omi yẹn ló máa di ihò, tí wọ́n á so mọ́ ara wọn bí ojú kàn-ìn-kàn-ìn, láti òkè dẹ́kíìnì títí dé ara irin. Agbára kọnkéré náà á ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù, ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀nà tí a ti là fún iyọ̀ àti afẹ́fẹ́.

Mi ò dá lébírà lẹ́bi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ru hẹ́ẹ̀dìpáànù gun àtẹ̀gùn pákó láti aago méje àárọ̀ mọ̀ pé kọnkéré tó ṣàn máa ń yá iṣẹ́. Tí kò bá sí vibrator, omi nìkan lohun tó lè fi jẹ́ kó wọ àárín irin. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí omi dín gbọ́dọ̀ pèsè vibrator, tàbí kó ra oògùn tó ń mú kọnkéré rọ̀ láìfi omi kún un. Kó sì wá bákẹ́ẹ̀tì kan tó mọ iye lítà tó ń gbà, kó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ míkísà, kó ní bákẹ́ẹ̀tì yìí nìkan ni kí wọ́n máa fi wọn omi. Ohun kékeré yìí ti gba dẹ́kíìnì púpọ̀ là lójú mi.

Omi tó tún burú jù ni èyí tí wọ́n ń dà sí kọnkéré tó ti pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ti po ó, wọ́n lọ jẹun, wọ́n dé, ó ti ń le, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n tún un rú. Ó rọ̀ lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdìmú tó ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n já yẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n po ju èyí tí wọ́n lè dà tán láàárín wákàtí kan lọ, pàápàá lóòrùn ọ̀sán.

Ti kànga tó bá níyọ̀ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni: omi tí o kò lè mu, má fi po kọnkéré tó ní irin nínú. Yanrìn etí òkun tí wọn ò fi omi tó dára fọ̀ náà ò yàtọ̀. Ẹni tó bá fi wọ́n kọ́lé ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀tá sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin láti ọjọ́ kìíní.

Bísíkíìtì

Nínú gbogbo ohun tó wà ní sáìtì, bísíkíìtì ló kéré jù, kò sì sí ohun tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú tó o. Sìmẹ́ǹtì àti yanrìn ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ bíi bísíkíìtì ọmọdé, wọ́n á fi wáyà ìdè sí i láàárín. Abẹ́ irin dẹ́kíìnì àti ẹ̀gbẹ́ irin òpó ni wọ́n ń so ó mọ́, kí irin má bàa fara kan pákó. Àyè tó fi sílẹ̀ ni kọnkéré máa wọ̀, òun ló sì máa di aṣọ irin. Fún dẹ́kíìnì inú ilé, mìlímítà 25 la sábà ń lò. Fún òpó, nǹkan bí 40. Fún ìpìlẹ̀ tó fara kan ilẹ̀ lásán, a lè lọ dé 75. Ilé etí òkun gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ onílé lójú nìyí. Wọ́n á ní, "Bó bá dín ní sẹ̀ǹtímítà kan, kí ló máa ṣe?" Afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú kọnkéré kì í yára bákan náà títí lọ: bó ṣe ń wọlé jìnnà ni ìrìn rẹ̀ ń falẹ̀. Ká ní ó jẹ mìlímítà 5 lọ́dún kìíní. Ọdún mẹ́rin ló máa lò kó tó dé 10, ó sì máa lo ọdún 25 kó tó dé 25. Onílé tí irin rẹ̀ wà ní mìlímítà 25 ní ọdún 25 kí ewu tó dé ọ̀dọ̀ irin. Aládùúgbò rẹ̀ tí bísíkíìtì tirẹ̀ yẹ̀, tí irin wá wà ní mìlímítà 12, ẹ lè rò pé ó ní ọdún 12. Kò tó ọdún mẹ́fà. Àpẹẹrẹ ni mo fi mìlímítà 5 ṣe. Kọnkéré tí omi rẹ̀ ò pọ̀, tí wọ́n gbọ̀n dáadáa, lè jẹ́ mìlímítà 2, nígbà náà mìlímítà 25 á gba ohun tó ju 150 ọdún lọ. Ẹ fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó rí ohun tí bísíkíìtì kan àti bákẹ́ẹ̀tì omi kan lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Bàlíkóní wá ni èyí tó ń kó mi láyà sókè jù. Dẹ́kíìnì inú ilé ń fà lábẹ́, ṣùgbọ́n bàlíkóní tó yọ jáde láìsí òpó níwájú, òkè rẹ̀ ló ń fà, bí apá ènìyàn tó na bákẹ́ẹ̀tì síwájú. Nítorí náà, òkè ni irin rẹ̀ tó ṣe pàtàkì gbọ́dọ̀ wà. Ayọ́ọ̀nbẹ́ńdà á tò ó dáadáa, á gbé e sórí àga irin kéékèèké tó tẹ̀, ẹnjiníà á wò ó, á ní ó dára. Ọjọ́ kejì, lébírà ogún á máa gba orí rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Àga á yẹ̀, irin á rì. Nínú bàlíkóní tó nípọn ní mìlímítà 150, irin òkè tó yẹ kó ga ní 120 láti ìsàlẹ̀ lè rì dé 70. Ẹ̀yin tó jáde wá wo iṣẹ́ lálẹ́, kọnkéré tó jọ̀lọ̀ lẹ ó rí. Ẹ ò lè mọ̀ pé bàlíkóní yẹn ti pàdánù ohun tó ju ìdá méjì nínú márùn-ún agbára rẹ̀ lọ. Òkè rẹ̀ á wá sán níbi tó ti so mọ́ ilé, ibẹ̀ gan-an ni omi òjò sì ń jókòó sí.

Pákó tí wọ́n máa rìn lé ló ń gba ilé lọ́wọ́ èyí: pákó tó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, tí kò fara ti irin. Ẹ sì ní kí ayọ́ọ̀nbẹ́ńdà kan wà níbẹ̀ títí wọ́n fi máa dà á tán, kó máa gbé irin tó bá rì padà sókè. Ọ̀pọ̀ wọn ti gba owó iṣẹ́ lọ kí ọjọ́ dídà tó pé. Ẹ san owó ọjọ́ yẹn fún un lọ́tọ̀. Kò sí owó tí mo rí tí onílé ná tó lérè tó o.

Gàrí inú kọ́ńgò

Ẹ lọ sọ́jà, kí ìyá onígàrí bu kọ́ńgò kan kún dẹ́nu. Tí ẹ bá fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ kọ́ńgò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gàrí á rì, àyè á ṣí lókè. Afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà náà rí bẹ́ẹ̀: afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ lè tó ìdá 5 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ìdá 5 péré bá kù sínú rẹ̀ títí ó fi dì, agbára tó máa pàdánù lè tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún.

Vibrator ló ń bá wa gbá kọ́ńgò náà. Ọ̀nà tó dára ni kí wọ́n ki vibrator bọlẹ̀ ṣánṣán, kí ó kọjá ìpele tí wọ́n ń dà lọ́wọ́, kó wọ èyí tó wà nísàlẹ̀ ní nǹkan bí mìlímítà 100, kí méjèèjì lè di ọ̀kan. Á máa hó, afẹ́fẹ́ á máa yọ bí omi tó ń hó lórí iná. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 15, híhó náà á dẹwọ́, ojú kọnkéré á tẹ́, á máa dán. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n rọra fà á jáde. Tí wọ́n bá já a jáde lójijì, ihò ni wọ́n fi sílẹ̀. Tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ sójú kan ju bó ṣe yẹ lọ, òkúta á rì, omi á lé sókè. Mo tún ti rí àwọn tó ń fi vibrator ti kọnkéré láti ìkángun kan dé ìkejì bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilé. Ṣọ́bìrì ló ni iṣẹ́ yẹn. Vibrator á ti omi sìmẹ́ǹtì lọ, á fi òkúta sílẹ̀.

Fún òpó, wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kọnkéré já bọ́ láti ibi tó ga ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Kí káfíńtà ṣí fèrèsé kékeré sílẹ̀ láàárín pákó, kí wọ́n gba ibẹ̀ da ìdajì ìsàlẹ̀, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n tó dí fèrèsé náà, kí wọ́n wá lọ sókè. Òpó Ajah tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, a ò rẹ́ ẹ. A fi irin gbé bíìmù ró, a gé gbogbo ibi tó ṣófo kúrò títí a fi kan ibi tó le, a fọ irin mọ́, a wá fi kọnkéré olókùúta wẹ́wẹ́ tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ da á padà. Ó gbà wá lọ́jọ́ mẹ́rin. Inú bíríkìlà ò dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi irin tó wà ní ìhòòhò yẹn hàn án tọkàntọkàn, òun fúnra rẹ̀ ló bá wa fọ̀ ọ́.

Ohun kan tún wà tí onílé kì í fura sí: dídúró. Míkísà bàjẹ́, sìmẹ́ǹtì tán, òjò dé, wọ́n ní ó di ọ̀la. Kọnkéré àná ti le, t'òní á kàn jókòó tì í ni, wọn ò ní lẹ̀. Ìlà tó wà láàárín wọn ni omi máa kọ́kọ́ gbà wọlé. Tí dídúró bá pọn dandan, ẹnjiníà ló gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n ti máa dúró. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ padà, kí wọ́n ha ojú funfun rírọ̀ tó lé sórí kọnkéré àná kúrò títí òkúta fi máa yọ, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí ó tutù. Ẹ ka àpò sìmẹ́ǹtì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì wá míkísà kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kọnkéré kì í gbẹ, ńṣe ló ń dì

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wa tó ti ba ilé púpọ̀ jẹ́: "Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa." Aṣọ ló ń gbẹ. Sìmẹ́ǹtì ń mu omi ni, omi yẹn ló fi ń di òkúta, tí omi bá sì tán lára rẹ̀, iṣẹ́ náà dúró síbi tó dé. Afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990, inú ọ̀sà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Omi ò ní kí kọnkéré má le.

Ọjọ́ méje àkọ́kọ́ ló ṣe kókó jù. Tí omi bá wà lára kọnkéré láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó lè ti dé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tó máa ní ní ọjọ́ 28. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀ fún oòrùn, awọ òde rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbẹ, awọ òde yẹn gan-an sì ni aṣọ irin tí à ń sọ. Àárín rẹ̀ lè le dáadáa, kí mìlímítà 25 tó yẹ kó dáàbò bo irin wá rí bíi ṣọ́ọ̀kì. Ìgbà ọyẹ́ ló burú jù, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ á ti fa ojú dẹ́kíìnì sán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Wíwọ́n omi lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ kò tó. Ẹ tẹ́ àpò ìdọ̀họ sórí rẹ̀, ẹ rin ín gbingbin, ẹ fi ọ̀rá bò ó. Tàbí kí wọ́n fi yanrìn ṣe ààlà yí dẹ́kíìnì ká, kí wọ́n da omi sí i láàárín kó dúró bí adágún. Òpó náà ń fẹ́ omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí ẹni tó ń rántí rẹ̀: ẹ fi àpò tútù wé e, ẹ fi okùn dì í. Kí ẹ má sì jẹ́ kí káfíńtà yọ igi abẹ́ dẹ́kíìnì nítorí pé ó fẹ́ lò ó níbòmíràn. Ọjọ́ 14 sí 21 ni, bí ẹnjiníà bá ṣe wí.

Ìyá kan ní Ìkòròdú gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nígbà tí wọ́n da dẹ́kíìnì wọn. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, wọ́n á rán ọmọ gòkè lọ rin àpò. Àwọn òṣìṣẹ́ ń bẹ̀ wọ́n pé, "Mummy, ẹ lọ sinmi." Wọn ò lọ. Mo ti gun orí dẹ́kíìnì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà, mi ò tíì rí ìlà kan lára rẹ̀.

Tí ilé bá ti wà nílẹ̀ ńkọ́?

Ẹni tó ń gbé inú ilé tí kò mọ bí wọ́n ṣe dà á lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Abẹ́ dẹ́kíìnì, abẹ́ bàlíkóní, ìdí òpó àti ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà kọjá ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà gbọọrọ tó lọ tààrà bí ẹni fi rúlà fà á máa ń tẹ̀ lé irin, ó sì yàtọ̀ sí ìlà wẹ́wẹ́ ojú rírẹ́ tó máa ń rí bí ìtàkùn. Àbààwọ́n pupa tó ń jáde látinú ìlà, ìpẹtà ni. Kíkùn tuntun ò ní wò ó sàn. Rírẹ́ lé e lórí á kàn bò ó mọ́ yín lójú títí tó fi máa tóbi sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú hámà kékeré, kí ẹ rọra fi kan ojú rẹ̀ níbi gbogbo tí ọwọ́ yín bá tó. Ibi tó dára á dún kó, hámà á ta padà. Ibi tí ìpẹtà ti ti kọnkéré kúrò lára irin á dún bọ́ọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn gbá agbè òfìfo. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí gbogbo ibi tó bá dún bẹ́ẹ̀ ká, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Tó bá jẹ́ bàlíkóní ni, ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má dúró lórí rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀, títí ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, á fi wá wò ó.